Kí A Tó Gbìn Ín: Bí A Ṣe Ń Mọ Èbu Tó Fara Pamọ́ Sínú Irúgbìn Ẹ̀pà, Sóyà, Ẹ̀gúsí àti Yànmọ̀tí

Tí ẹ̀pà kò bá hù dáadáa lóko, ẹjọ́ kì í tán bọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ kan á ní òjò ló dá dúró lẹ́yìn tí òun gbìn tán. Èkejì á ní àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló hú u jẹ. Ẹlòmíì á ní ẹni tó ta irúgbìn fún òun ló rẹ́ òun jẹ, ọ̀rọ̀ náà á sì dé ọ̀dọ̀ baálé. Òtítọ́ lè wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ẹnu kì í sábà kàn, òun ni pé irúgbìn náà ti gbé àrùn tó pa á lọ́wọ́ kó tó wọ inú ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní gúúsù Kwara gan-an. Láti Osi dé Eruku, láti Iloffa dé Odo-Owa, irúgbìn tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn kì í ti ilé-iṣẹ́ wá. Èyí tí wọ́n kó pamọ́ lọ́dún tó kọjá ni, tàbí èyí tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò, tàbí èyí tí wọ́n rà lọ́jà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀pà jíjẹ. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn tọ́jú irúgbìn fúnra rẹ̀. Bí àwọn bàbá wa ṣe ṣe é nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tó ń ṣe irúgbìn lọ́dún yìí lè bá a dé ọdún tó ń bọ̀, kí ojú má sì rí i.

Èbu la ń sọ. Irun funfun, àwọ̀ ewé tàbí dúdú tó máa ń bo búrẹ́dì tó bá pẹ́ nílẹ̀, ìdílé rẹ̀ la ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì ní kíláàsì. Lára búrẹ́dì, a ń rí i. Nínú hóró ẹ̀pà, ó lè wà lábẹ́ awọ pupa yẹn, tàbí láàárín ìlàjì méjèèjì, tàbí kó ti dé ibi ọmọ ewéko tó wà ní ṣóńṣó, kí hóró náà sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Kí ló dé tí irúgbìn tí a ń fún òróró lára rẹ̀ fi ń ní ìṣòro yìí ju àgbàdo lọ? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Nǹkan bí ìdajì hóró ẹ̀pà ló jẹ́ òróró. Yànmọ̀tí àti ẹ̀gúsí tí a ti bó sún mọ́ ọn. Sóyà ní bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Òróró àti omi kì í gbé inú yàrá kan náà, nítorí náà gbogbo omi tó wà nínú hóró, apá tí kì í ṣe òróró ló kó sí. Tí ẹ bá ní 100 gíráàmù ẹ̀pà tí omi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7, gíráàmù 50 péré ló ń gbé omi yẹn. Ìyẹn ni pé níbi tí èbu ti fẹ́ jẹun, omi ibẹ̀ ti di 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí àgbàdo tó ní omi 13 nínú ọgọ́rùn-ún fi lè wà nínú àpò láìséwu, tí ẹ̀pà tó ní iye omi kan náà yóò sì bu láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀pà gbọ́dọ̀ gbẹ dé ìsàlẹ̀ 8 kó tó wọ àpò. Ẹni tó bá ń fi ojú tó fi ń wo àgbàdo wo ẹ̀pà, tó ní ó ti gbẹ, èbu ló ń sìn.

Ojú ọjọ́ agbègbè yìí kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀pà tí a bá gbìn nígbà òjò àkọ́kọ́ yóò pọ́n ní nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ. Oòrùn kì í ràn dáadáa nígbà náà, ilẹ̀ rin, ẹ̀pà tí a tẹ́ sí ìta ní àárọ̀ á rí òjò kó tó di ọ̀sán. Ti àsìkò kejì, tí a ń wú ní oṣù Kọkànlá, á bá ọyẹ́ pàdé, á sì gbẹ kíákíá. Tí mo bá fẹ́ yan irúgbìn, èyí tó kẹ́yìn yìí ni màá kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n kò pé lóòótọ́: tí òjò bá tètè lọ nígbà tí ẹ̀pà ṣì ń gbó nínú ilẹ̀, ọ̀dá á mú igi rẹ̀, ilẹ̀ á gbóná, èbu kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus á sì wọ inú rẹ̀ láti ibẹ̀, kí àgbẹ̀ tó fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ̀gúsí ní tirẹ̀ tún yàtọ̀. A máa ń fọ́ bàrà, a ó fi í sílẹ̀ kó jẹrà kí hóró lè yọ, ká tó fọ̀ ọ́ ká sì sá a. Ọjọ́ tí a bá fi kún ìjẹrà yẹn láìnídìí, àǹfààní ni fún èbu.

Ta ni àwọn àlejò wọ̀nyí? Aspergillus niger, tí orí rẹ̀ dúdú bí èédú, ló máa ń ba ọrùn ẹ̀pà kékeré jẹ́ lẹ́yìn tó bá hù: ẹ ó rí i tó rọ lójijì, ibi tí igi àti gbòǹgbò ti pàdé á ti jẹrà, á sì dúdú. Aspergillus flavus lè mú kí ọmọ ẹ̀pà ràn, kí gbòǹgbò rẹ̀ má lè yẹ̀ka. Ìwà kejì tó ní burú ju ìyẹn lọ, a ó sì dé ibẹ̀. Macrophomina phaseolina ń bá sóyà, ẹ̀pà àti yànmọ̀tí jà, ó sì ń fi àmì dúdú wínníwínní bí lẹ́búlẹ́bú èédú sínú igi wọn. Alternaria sesami fẹ́ràn yànmọ̀tí. Cercospora kikuchii ń kun awọ sóyà ní àwọ̀ àlùkò.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Sóyà alálùkò máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ń rà á, ojú rẹ̀ kò dára, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú irú hóró bẹ́ẹ̀ ló máa ń hù. Hóró ẹ̀pà mìíràn sì wà níbẹ̀ tó mọ́ tónítóní, tó ti kú sínú. Ojú lásán kò tó láti dá ẹjọ́ náà. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo àrùn ẹ̀pà ló ń ti inú irúgbìn wá. Rosette, tó ba ẹ̀pà jẹ́ káàkiri àríwá Nàìjíríà ní 1975, kòkòrò kékeré tó ń fa omi ewé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri. Irúgbìn kì í gbé e. Ẹni tó bá ń yẹ irúgbìn wò nítorí rosette ń wá ewúrẹ́ nínú ìgbẹ́ tí ewúrẹ́ kò wọ̀.

Ó dáa, báwo la ṣe ń mọ̀? Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù lọ lágbàáyé rọrùn débi tó fi lè yà yín lẹ́nu: bébà tútù ni. Lucie Doyer, obìnrin ará Netherlands, to irú àyẹ̀wò yìí jọ sínú ìwé ní 1938 fún àjọ ISTA, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò àyẹ̀wò irúgbìn láti 1924. Paul Neergaard, ará Denmark, tó dá iléèwé àrùn irúgbìn sílẹ̀ ní Copenhagen ní 1967 fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ló fi kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó wá kọ́ni nílẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ẹ kò lè rí ní Osi.

Bí ẹ ṣe máa bu irúgbìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe kùdìẹ̀-kudiẹ. Ẹ má kàn bu ẹ̀kúnwọ́ kan lórí àpò. Òkè àpò ló gbẹ jù, ìsàlẹ̀ ló rin jù, ẹ̀gbẹ́ tó kan ògiri tún ní tirẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, láti inú àpò mélòó kan, ẹ dà á pọ̀, ẹ rò ó papọ̀ dáadáa, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ mú apá kan, ẹ tún un rò, ẹ tún un pín, títí yóò fi ku bí ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ má sì ṣà á o. Ọwọ́ á máa fẹ́ ju èyí tí kò dára sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí a sì ń wá gan-an nìyẹn.

Hóró 400 ni a ń yẹ̀ wò. Ẹ pín in sí méjì. Igba àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Igba kejì, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi bílíìṣì fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Omi bílíìṣì náà kò gbọ́dọ̀ ju 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ: ẹ ka ara ike rẹ̀, tó bá jẹ́ 3.5 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ife bílíìṣì kan sí ife omi méjì ààbọ̀ ló máa fún yín ní 1. Kí ni ìdí tí a fi pín in sí méjì? Bílíìṣì ń pa èbu tó wà lára awọ níta nìkan. Ohun tó bá hù lára èyí tí a fọ̀, inú hóró ló ti wá. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì á sọ fún yín bóyá eruku ibi ìkópamọ́ lásán ni wàhálà yín tàbí àrùn tó ti jókòó sínú.

Ẹ wá tẹ́ tíṣù funfun tí kò ní lọ́fínńdà ní ìlọ́po mẹ́ta sínú abọ́ Petri, tàbí sínú ike oúnjẹ pẹlẹbẹ tó ní ìdérí, ẹ rin ín gbingbin, ẹ da omi tó bá ṣẹ́kù nù. Ẹ to hóró sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má fara kan ara wọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀pà, mẹ́wàá tó fún abọ́ kan. Sóyà àti yànmọ̀tí lè jẹ́ 25. Ẹ dé e. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí tààrà, bíi wákàtí 12 nínú ìmọ́lẹ̀, 12 nínú òkùnkùn. Láàbù ńlá ní iná pàtàkì kan tó ń mú kí èbu tètè yọ orí. Ojú fèrèsé á ṣe é fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi abọ́ kan sílẹ̀ tó ní tíṣù àti omi láìní irúgbìn kankan nínú. Tí èbu bá hù síbẹ̀ náà, omi yín tàbí tíṣù yín ló lẹ́bi, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ ṣí i. Máíkíróskóòpù ló dára jù, ṣùgbọ́n awò ọwọ́ tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá lè ṣe púpọ̀. Àwọn orí dúdú tó dúró bí orí abẹ́rẹ́ pín-ìn-nì jẹ́ ti Aspergillus niger. Èyí tó ní àwọ̀ ewé tó fà sí yẹ́lò, Aspergillus flavus ni. Òwú funfun tó fà sí osùn tàbí ọsàn á jẹ́ Fusarium. Àwọn ẹyọ dúdú kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ awọ láìní irun púpọ̀, ẹ fura sí Macrophomina. Òwú eérú tó bo gbogbo abọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tó sì fi àwọn yòókù pamọ́, Rhizopus nìyẹn, òun ni mo kórìíra jù nínú gbogbo wọn nítorí kì í jẹ́ ká rí ẹlòmíì. Ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ má gbóòórùn rẹ̀. Hóró èbu wọ̀nyí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ da bílíìṣì lé e lórí kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Níbi kíkà yìí ni ẹjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti lè rí ìdájọ́. Ẹ pín hóró sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: èyí tó hù tí kò ní èbu, èyí tó hù tó ní èbu, èyí tó kú tó ní èbu, àti èyí tó kú tí kò ní nǹkan kan lára. Ọ̀wọ́ kẹrin yìí ṣe pàtàkì. Tó bá pọ̀, ọjọ́ orí ló pa irúgbìn náà, tàbí ooru ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí. Kì í ṣe àrùn. Tí ọ̀wọ́ kẹta bá pọ̀, pàápàá lára èyí tí a fi bílíìṣì fọ̀, a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Tí èyí tó pọ̀ jù bá sì wà ní ọ̀wọ́ kìíní, ẹ fi ẹni tó tà á sílẹ̀, ẹ lọ bá òjò àti àparò wí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 400? Tí ẹ bá yẹ 400 wò tí ẹ kò rí ẹyọ kan tó ní àrùn, ohun tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé iye tó ní i nínú gbogbo àpò náà kò jọ pé ó ju 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kàn fi iye hóró tí ẹ yẹ̀ wò pín 3, ẹ ó rí i. Ẹni tó yẹ 20 wò tí kò rí nǹkan, ohun tó lè sọ ni pé kò ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn kì í sì ṣe ìròyìn ayọ̀. Kódà 0.75 kì í ṣe òdo: tí èèyàn bá gbin hóró 100,000, ó lè jẹ́ 750 nínú wọn ló gbé àrùn wọ oko.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Nínú láàbù, a lè to irúgbìn sórí ágà tí a fi pòtétò sè, èbu á tètè hù níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì hàn ketekete. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yára á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń rìn jẹ́jẹ́. A tún lè jẹ́ kí irúgbìn mu omi fún ọjọ́ kan, ká gbé e sínú fírísà ní ìwọ̀n 20 sí ìsàlẹ̀ òdo fún ọjọ́ kan, kí ọmọ inú rẹ̀ kú, kí ewé àti gbòǹgbò má baà dí wa lójú. Tàbí ká gbin ín sínú yanrìn tí a ti yan lórí iná, ká wo iye tó rọ. Ọ̀nà yìí nìkan ló ń fi hàn pé èbu náà lè pa ohun ọ̀gbìn lóòótọ́, mo sì rò pé a kì í lò ó tó. Ti ìgbàlódé ni PCR, tó ń wá àmì ìdílé èbu nínú hóró tí a lọ̀. Ó yára, ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó jọra. Àmọ́ èbu tó ti kú tipẹ́ náà á jẹ́ ìpè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Aspergillus flavus. Ní 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà láti Brazil ṣe. Májèlé tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni wọ́n sọ ní aflatoxin, orúkọ tí wọ́n gé jáde lára orúkọ èbu náà. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì wà lára àwọn ohun tí àjọ IARC fọwọ́ sí pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún èèyàn. Yíyan àti dídín kì í pa á tán.

Àyẹ̀wò bébà tútù kò lè rí májèlé yìí. Èbu ló ń fi hàn, kì í ṣe ohun tí èbu sè. Àwọn ẹ̀yà A. flavus kan wà tí kì í ṣe májèlé rárá. Lára irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Aflasafe: IITA ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà yan mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n fi wọ́n bo ọkà bàbà tí a ti pa kó má lè hù, NAFDAC sì fọwọ́ sí i ní 2014. Kílógíráàmù 10 la ń fọ́n sórí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ̀pà tó tanná, kí aláìlóró lè gba ilẹ̀ kí olóró tó dé. Ẹ̀pà oko bẹ́ẹ̀ ṣì lè fi àwọ̀ ewé-yẹ́lò hàn nínú abọ́ yín. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀pà ṣeé jẹ, àyẹ̀wò aflatoxin fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí a kó pamọ́, NSPRI, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Ìyẹn ló mú mi dé orí ẹ̀pà tí a ṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ìyá wa máa ń jókòó ti atẹ láti yọ èyí tó hunjọ, èyí tó bu, èyí tí kòkòrò ti lu. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe: májèlé kì í tàn káàkiri bákan náà, hóró díẹ̀ ló ń kó púpọ̀ rẹ̀, àwọn tó sì ní àbùkù lára yẹn ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ibo ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn náà? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí a ti ń fún òróró àti ibi tí a ti ń ṣe kúlíkúlí. Tí a bá fún un, díẹ̀ nínú májèlé náà á bá òróró lọ, púpọ̀ rẹ̀ á kù sínú kúlíkúlí tí ọmọdé ń fi mu gàrí. Adìyẹ tó bá jẹ ẹ́ náà kò bọ́. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n dà á nù, nígbà tí owó rẹ̀ lè ra ọṣẹ àti iyọ̀ fún ilé. Ṣùgbọ́n a kò lè máa ṣà á kúrò nínú irúgbìn ká tún máa fi bọ́ ọmọ.

Tí àyẹ̀wò bá sì ní irúgbìn yín kò dára ńkọ́? Ẹ ṣà á, ẹ tún un sá, ẹ tún un yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pé ara awọ nìkan ni èbu wà, oògùn irúgbìn bíi Apron Star lè gbà á là. Àmọ́ irúgbìn tí a ti fi oògùn pa lára ti kúrò ní oúnjẹ títí láé, kò gbọdọ̀ padà sọ́jà, kò sì gbọdọ̀ wọ ìkòkò bó ti wù kí ebi pa ilé tó. Tó bá jẹ́ inú ni, ẹ wá òmíràn. Èyí ni kò fi yẹ ká dúró di ọjọ́ tí ilẹ̀ ti rin ká tó ṣí àpò. Ọjọ́ mẹ́jọ ni àyẹ̀wò náà ń gbà, wíwá irúgbìn mìíràn lè gba oṣù kan. Oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ń lọ tí oko ṣì dákẹ́, ló yẹ kí abọ́ wà lójú fèrèsé.